Ọ̀gá Ọjà ti lọ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ìwọ lo jẹ mí ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò lè dúró dìgbà tí o máa rántí mi. Ọ̀gá Ọjà, àwọn tó ń bá wa wá oníbàárà, ti lọ. Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà sórí tábìlì mi, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n sì jáde. Kó tó di Ọjọ́rú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ti mọ ibi tí wọ́n lọ: ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń bá du oníbàárà gan-an ni. Méjì nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ níṣẹ́ ti tẹ̀ lé wọn.

Ara mi le, ará ilé le, ẹ̀rọ tuntun ti dé, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìròyìn ayọ̀ tí mo ní kò ju ìyẹn lọ. Jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ mi.

O mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn ni wọ́n gbà wá gbọ́ nígbà tó jẹ́ èmi àti ìwọ nìkan la wà nínú yàrá yẹn, tí à ń fọwọ́ di ìwé. Lọ́jọ́ tí òjò wọlé sórí iṣẹ́, àwọn ni wọ́n lọ bẹ oníbàárà, wọn ò jẹ́ kí èmi tàbí ìwọ dé ibẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé lọ. Mo sọ fáwọn òṣìṣẹ́ pé owó ni wọ́n bá lọ. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún: mi ò gbà pé owó ni.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí àwọn tí à ń bá díje ti ń já owó iṣẹ́ wálẹ̀. Iye yòówù kí a pè, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Àwọn oníbàárà wá ń mú ìwé iye owó àwọn tọ̀hún wá bá mi, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo ojú mi. Inú mi ru. Mo pe ìpàdé, mo ní láti ọ̀la lọ àwa náà á já tiwa wálẹ̀, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣírò owó wa ló dìde, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun kọ nǹkan kan sára pátákó.

Bó ṣe kọ ọ́ nìyí. Nínú 100 tó bá wọlé fún wa, 70 ló ń bá bébà, tàdáwà àti iná ẹ̀rọ lọ. 30 tó ṣẹ́ kù la fi ń san owó oṣù, owó ilé àti gbèsè ẹ̀rọ. Bí a bá yọ 10 kúrò lára owó iṣẹ́, 70 yẹn kò ní tìtorí ẹ̀ dín kù, nítorí ẹni tó ń ta bébà fún wa kò bá wa sí nínú ìjà náà. 20 ló máa kù. Ká tó lè padà rí 30 wa, ibi tí a ti ń tẹ 100 tẹ́lẹ̀, 150 la gbọ́dọ̀ máa tẹ̀. Ó wá yíjú sí bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ lè ṣe é. Wọ́n ní ó lè ṣe é bí a bá ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lójoojúmọ́. Owó iṣẹ́ òru náà, inú 20 yẹn náà ló máa ti jáde.

Yàrá pa lọ́lọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sì ní kí a má tíì fọwọ́ kan iye owó wa.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ tú ìwé àkọsílẹ̀ wa àtijọ́ jáde, èyí tí o fi pẹ́ńsùlù pupa kọ̀wé sí gbogbo etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti tún bá ohun tí o kọ sílẹ̀ nípa Michael Porter, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard tó tẹ ìmọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1979, pé ẹni tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nìkan kọ́ ló ń bá ọ du èrè. Oníbàárà ń fà á, ẹni tó ń ta nǹkan èlò fún ọ ń fà á, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà ń fà á, ohun mìíràn tí aráyé lè lò dípò iṣẹ́ rẹ náà ń fà á. Nígbà tí a jọ kà á, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni lójú mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú bébà, mo fi orúkọ èèyàn sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Oníbàárà: ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gbé ìwé jáde ló ń gbé 45 nínú 100 iṣẹ́ wa wá. Bí wọ́n bá ní ká dín owó kù, à ń dín in kù ni, mo sì ti ń pe ìyẹn ní ìwà pẹ̀lẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń ta bébà: àwọn méjì péré ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń fi owó kún un. Ẹni tuntun: ẹnikẹ́ni tó bá ra ẹ̀rọ kékeré sínú yàrá rẹ̀ lè tẹ káàdì àti ìwé ìkéde báyìí, kó sì mọ́ ju tiwa lọ. Ohun tó gbapò: ìkéde tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà láyé ìjọsí, orí fóònù ló ń gbà lọ. Mo wo bébà náà títí. Àwọn tí mo ti ń bá fa wàhálà láti oṣù mẹ́rin, àwọn ni ọwọ́ wọn kéré jù nínú ohun tó ń jẹ wá.

Ṣé o ṣì rántí ìtàn Intel, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn, tí a máa ń jiyàn lé lórí? Ìwọ ní ìgboyà ni, èmi ní kò sí ọ̀nà mìíràn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìrántí ni wọ́n fi dá wọn mọ̀. Àwọn ará Japan wá ń ṣe é, tiwọn dára, kò sì wọ́n. Lọ́dún 1985, Andy Grove, ààrẹ Intel, bi Gordon Moore, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, pé bí wọ́n bá lé àwọn méjèèjì, tí wọ́n sì mú ọ̀gá tuntun wá, kí ni onítọ̀hún máa ṣe. Moore kò ronú jìnnà: á fi iṣẹ́ ẹ̀yà ìrántí sílẹ̀. Grove wá ní kí ló dé tí àwọn fúnra wọn ò lè jáde lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n padà wọlé, kí wọ́n sì ṣe é. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló lọ, wọ́n pàdánù owó lọ́dún 1986, kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbájú mọ́ tó sọ wọ́n di ńlá.

Ohun tí mo máa ń fò kọjá nínú ìtàn yẹn ni pé nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà po kó tó di pé ẹnì kan la ẹnu. Ó yé mi wàyí. Mo mọ ohun tí ọ̀gá tuntun máa ṣe níbí. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló máa kọ́kọ́ gé: káàdì, ìwé ìkéde, gbogbo ohun tí ẹlẹ́rọ kékeré lè tẹ̀. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú iṣẹ́ tí à ń gbà ni, èrè orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Á wá kó ẹ̀rọ àti èèyàn sídìí ìwé tí a fi okùn rán, tí a di lẹ́yìn dáadáa, nítorí bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ á lo ọdún púpọ̀ kó tó bá wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn la fi bẹ̀rẹ̀, èèyàn mẹ́fà ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Mi ò tíì lè sọ ọ́ síta.

Ó wá ku ohun tí mo ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí.

Lóṣù tó kọjá, a tẹ ìwé 4,000, ojú ewé tò mọ́ra ní ìdàkudà, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ká ìwé ti rí i láti wákàtí àkọ́kọ́, kò sì sọ nǹkan kan. Mo bi í léèrè ìdí, mo ń pariwo. Ó ní, “Ẹ ní kí a má dá iṣẹ́ dúró mọ́, sà.” Òótọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, nígbà tí mo fẹ́ kí a máa yá ju àwọn tọ̀hún lọ. Ọ̀gá Ọjà wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí.” Mi ò gbọ́. Mo yọ owó ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé.

Èmi náà ni mo máa ń sọ ìtàn Toyota fún ẹni tuntun o. Pé Sakichi Toyoda, bàbá ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, àti pé níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò, òṣìṣẹ́ yòówù tó bá rí àbùkù lè fa okùn kan, kí wọ́n wá wò ó, kí iṣẹ́ dúró bí ó bá yẹ kó dúró. Torí ẹ̀ lo ṣe kan agogo yẹn mọ́ ògiri. Nígbà tí mo lọ wò ó, ìdọ̀tí ti bò ó. Mo nù ún. Mo dá owó ọmọ náà padà, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, mo sì sọ pé mi ò ní fi ohùn líle bá ẹni tó bá lù ú sọ̀rọ̀ láé. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, agogo ò dún. Àná ló dún. Ọmọ kan náà ni. Ó rò pé tàdáwà ti ń pọ́n jù. A wò ó, kò sí nǹkan kan. Mo ní, “O ṣeun.” Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ ìdí tí omi fi lé ròrò sí mi lójú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ sí rè é. Ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àti bébà tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wá jẹ́ ọ̀gá tuntun fún mi. Kà á bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tí kò bá wa di ìwé nínú yàrá yẹn, kí o sì kọ ohun tí o máa ṣe ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe ni pé kí o fi ẹlòmíràn sórí àga yìí, kọ ọ́. Má fi pamọ́ fún mi. Èmi àti oníbàárà ńlá yẹn ń jókòó lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Jẹ́ kí èsì rẹ ti dé ọwọ́ mi ṣáájú.

Èkejì le díẹ̀. Bá mi pe Ọ̀gá Ọjà. Bí èmi bá pè wọ́n, wọ́n á rò pé mo fẹ́ kí wọ́n padà ni, wọ́n á sì fi ìwà àgbà bò mí láṣìírí. Wọ́n á sọ ọ́ fún ọ. Má bẹ̀ wọ́n. Ṣáà bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pinnu láti lọ, bóyá ṣáájú ìwé 4,000 yẹn ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà wọn kò yí padà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́