Jíìpù tó faṣọ bo nọ́ńbà rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awakọ̀ Mícrà ni mí n'Íbàdàn, Ìwó Road sí Challenge ni mò ń ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó kan dá mi dúró (n kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ wọn). Nọ́ńbà iwájú ọkọ̀ mi kò sí lára bọ́ńpà, orí dáṣíbọọ̀dù ni mo gbé e lé. Ọlọ́kadà kan ló gbá bọ́ńpà náà fọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ibi tí à ń de súkúrúù mọ́ sì ti ya dànù. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní òfin ni òfin, wọ́n sì kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. N kò bá wọn jà. Òótọ́ ni, òfin ìrìnnà ojú pópó ọdún 2012 ní kí nọ́ńbà wà lára ọkọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kí ó hàn ketekete. Ohun tó dùn mí ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ ni jíìpù kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ta aṣọ dúdú bo nọ́ńbà rẹ̀ níwájú lẹ́yìn, bí ẹni daṣọ bo òkú. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jùwọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí owó tí ìjọba ń gbà nìkan ni nọ́ńbà ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá alákàrà tó jókòó sẹ́bàá títì gan-an ló ni ín, òun ni yóò rí ọkọ̀ tó bá ṣe jàǹbá kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó dé. Nọ́ńbà tí wọ́n ń lò láti 2011 sì rọrùn láti há sórí. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbà á: BDJ ni ti Ìbàdàn North níbí, KJA ni ti Ìkejà. Àwọ̀ náà ń sọ tirẹ̀. Pupa ni tèmi, torí ọkọ̀ èrò ni, búlúù ni ti aládàáni, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Bí ìyá yẹn ò bá rí ju "BDJ, pupa" lọ, ó ti rí nǹkan sọ.

Lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣe wínníwínní, jíìpù kan gbá ọmọ iléèwé kan nítòsí ibi tí a ti ń kó èrò. Ó dúró díẹ̀, ló bá tẹná. Àwa mẹ́ta la gbá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n níbo ni Mícrà ti fẹ́ bá jíìpù? Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ ní, "Nọ́ńbà ńkọ́?" A wo ara wa lójú. Gbogbo wa la rí àwọ̀ ọkọ̀ náà, ẹnì kan tiẹ̀ rí sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú ni wọ́n fi bo nọ́ńbà. Ọlọ́pàá náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà ò kú, a dúpẹ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ta ata ló san gbogbo owó ọsibítù.

Wọ́n á ní torí ààbò ni àwọn ọlọ́lá ṣe ń bò ó. Ṣé ajínigbé kì í wa jíìpù ni? Ta ni yóò bá wa mọ èyí tó jẹ́ ti ọlọ́lá àti èyí tó jẹ́ ti ajínigbé, nígbà tí aṣọ kan náà wà lára méjèèjì? Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà SPY tó jẹ́ ti ọlọ́pàá. Àwọn ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ pé kí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i má lò ó, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i lára ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó lọ sóde.

L'Ékòó, kámẹ́rà ti wà lójú pópó tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò lè ṣí aṣọ wò. Ẹni tí nọ́ńbà tirẹ̀ ń dán gbinrin ni owó ìtanràn yóò máa wá bá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, olóòtú. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan sí Ìwó Road, kó dúró fún wákàtí kan péré láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó ka iye ọkọ̀ tó bo nọ́ńbà àti iye tí wọ́n dá dúró nínú wọn, kí ẹ sì tẹ iye méjèèjì jáde.

Ní tèmi, mo ti ra bọ́ńpà tòkunbọ̀. Nọ́ńbà mi ti padà sí àyè rẹ̀, súkúrúù mẹ́rin ni mo fi dè é.

Èmi ni,
Awakọ̀ Mícrà kan,
Ìwó Road, Ìbàdàn.