Lẹ́tà ẹ̀sùn: ẹ dá owó oúnjẹ àwọn àgbà dúró nítorí £24

Sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa tá à ń kó ọjà fún kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, níléeṣẹ́ yín tó ń bá kánsù ra ọjà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn yín ló ní kéèyàn kọ ọ́ ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo sì mú Yorùbá, torí ímeèlì mẹ́fà ni mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí yín láti May, kò sí èyí téèyàn dáhùn nínú ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń sọ fún mi pé ticket mi, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀sùn mi, ti wọlé, tó bá sì di ọjọ́ kẹta wọ́n á ní ticket ti closed. Ta ló closed ẹ̀? Kí ló ṣe sí i? Mi ò mọ̀ títí di òní.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn àgbà ní sẹ́ńtà kan ní gúúsù London, Tuesday àti Friday, 40 pléètì lọ́jọ́ kan, £8 pléètì kan, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí. Àwọn ará Jamaica wà níbẹ̀, àwọn ará Ghana wà níbẹ̀, àwọn ìyá àti bàbá Yorùbá náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí mi. Friday ni mo máa ń ro àmàlà pẹ̀lú ewédú, àwọn tí oúnjẹ kì í tètè lọ lọ́nà ọ̀fun wọn, mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń ṣe fún wọn, mà á lọ ẹ̀wà ẹ̀ kúnná dáadáa, mi ò ní fi ẹja eléegun sí i.

Kẹ́ ẹ tó dé, inú town hall lọ́fíìsì tó ń rí sí rírà ọjà wà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ mi dénú, ó ti wá sílé ìdáná mi rí, ó wo fíríìjì, ó ka ìwé ìmọ́tótó mi látòkè délẹ̀. Tí èrò bá ju 40 lọ lọ́jọ́ kan, mà á pè é lórí fóònù, á ní kí n kọ ọ́ sórí invoice, ìwé tí mo fi ń béèrè owó mi, kí máníjà sẹ́ńtà sáìn ín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Owó mi ò pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ rí.

Lọ́dún tó kọjá ni kánsù yìí àti kánsù méjì míì kó gbogbo iṣẹ́ rírà ọjà wọn fún yín, wọ́n ní táwọn bá ń rà á pọ̀, owó tó ń jáde á dín kù. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, èmi náà máa ń ra ìrẹsì ní àpò ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí wa pé kò ní sí nǹkan tó máa yí padà fún wa. Obìnrin yẹn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, TUPE, òfin tó ń mú òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, gbé wọn bọ́ sọ́dọ̀ yín, oṣù méjì sí i ẹ kó iṣẹ́ wọn lọ sílùú kan ní àríwá, ọmọ ẹ̀ ń lọ síléèwé níbí, kò lè bá yín lọ, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan tó mọ̀ nípa wa bá a lọ.

Ó wá ku portal, ìkànnì yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì. £120 ni mò ń san fún yín lọ́dọọdún kí orúkọ mi lè wà lórí ẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè to oúnjẹ tí mo sè sí, àárín àwọn tó ń ta pléètì pépà àti ṣíbí onírọ́bà lẹ fi mí sí. Portal yín ní purchase order, ìwé tí wọ́n fi ń ní ká gbé ọjà wá, gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó gba ọjà gbọ́dọ̀ tẹ ibì kan pé òun ti gbà á, invoice mi sì gbọ́dọ̀ bá méjèèjì mu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra.

Friday kan nínú May, páìpù omi bẹ́ ní sẹ́ńtà míì, wọ́n tì í, wọ́n kó ìyá mẹ́ta látibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ṣé kí n ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ wọn ni? Mo bu oúnjẹ fún wọn, máníjà sì mọ̀ sí i. Ó di 43 pléètì. Purchase order oṣù yẹn jẹ́ £2,560, invoice mi jẹ́ £2,584, torí £24 yẹn ẹ dá gbogbo £2,584 dúró.

Ti April àti June ò yàtọ̀ sí purchase order rárá, £2,560 £2,560 ni wọ́n, àmọ́ máníjà tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ní March, ẹ ò sì tíì fún ẹni tó rọ́pò ẹ̀ ní login tó máa fi wọ portal, òun náà ti bẹ̀ yín títí ó ti sú u. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíì tó lè tẹ̀ ẹ́ pé oúnjẹ dé. Oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ tí wọ́n ti fọ pléètì ẹ̀! £7,704 ló wà lọ́wọ́ yín báyìí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé tí mo bá lè fi 3% sílẹ̀ nínú owó mi, ẹ̀ẹ́ san án láàárín ọjọ́ 10. Ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ ti jẹ mí kọjá àkókò ni mo fẹ́ máa san owó lé lórí kí n tó rí i gbà? Látọdún 2015 ni òfin ilẹ̀ England ti ní kí kánsù san invoice tí kò ní àríyànjiyàn láàárín 30 ọjọ́, Procurement Act 2023 tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2025 tún sọ bẹ́ẹ̀. Òfin 1998 lórí owó tó pẹ́ sì fún mi ní èlé 8% tí wọ́n á fi kún iye èlé tí Bank of England bá là sílẹ̀, pẹ̀lú £70 lórí invoice kọ̀ọ̀kan tó bá tó £1,000 sókè tí kò tíì tó £10,000. Ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ £210. Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ invoice tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí.

Ọmọ mi tó ń kọ́ accounting ló sọ ti Somerset fún mi, pé lọ́dún 2007 kánsù ibẹ̀ àti kánsù Taunton Deane dá iléeṣẹ́ Southwest One sílẹ̀ pẹ̀lú IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọlọ́pàá Avon and Somerset náà wà nínú ẹ̀, rírà ọjà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n kó fún un, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì retí kí owó ti ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ náà dìjà, ó di ti lọ́yà, ọdún 10 tí wọ́n bára wọn ṣàdéhùn ò pé tí Somerset fi gba iṣẹ́ ẹ̀ padà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé èmi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ níbí, torí tí ìjà bá dé, àwọn àgbà yẹn lebi máa kọ́kọ́ pa.

Ẹ fún máníjà tuntun ní login lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ san owó mi pé pẹ̀lú èlé ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi lẹ́tà 3% ránṣẹ́ sí mi mọ́. Kẹ́ ẹ sì fún mi ní èèyàn kan, èèyàn o, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, tí mo lè pè lọ́jọ́ tí pléètì bá di 43. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọjọ́ 14, mà á gbé e lọ bá kánsúlọ̀ àdúgbò wa àti Public Procurement Review Service, àwọn tó ń gba ẹ̀sùn fún ìjọba lórí bí wọ́n ṣe ń ra ọjà.

Owó ìrẹsì àti ti gáàsì Friday tó ń bọ̀, inú owó rẹ́ǹtì mi ni mo ti yọ ọ́. Mà á sè é, wọ́n ń retí mi.

Èmi ni,
Alásè sẹ́ńtà. Nọ́ńbà mi lórí portal wà lórí invoice.