Ẹ Sọ Oṣù Fún Àwọn Páílọ́ọ̀tì Wa, Kí Ẹ Sì Sọ Ìlú

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú níbí l'Ábẹ́òkúta, mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, tí mi ò bá sọ ọ́ jáde mi ò ní lè sùn. Páílọ́ọ̀tì lọmọ mi, àwọn iléeṣẹ́ bàálù tó ń gba irú wọn kì í sọ oṣù tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí ìlú tí wọ́n máa wà fún wọn. Tí mo bá ti sọ báyìí lọ́jà àwọn èèyàn á ní háà, ìyá oníbàálù, owó ti dé nìyẹn. Wọn ò mọ ohun tójú wa rí.

Zaria ló ti kọ́ ọ, ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ ní lọ́nà Ọbántokò la tà, mo tún kó àjọ ẹ̀ẹ̀mejì lé e. Ọjọ́ tó gba láísẹ́ńsì, gbogbo ilé jó. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni iléeṣẹ́ bàálù kan, mi ò ní dárúkọ wọn, pè é fún ìdánwò àti íńtáfíù, ó yege, wọ́n fún un ní lẹ́tà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn máa fi ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ wo? Wọn ò sọ. Ìlú wo ló máa wà? Wọn ò sọ. A dúró oṣù kan, a dúró ọdún kan, ọdún kejì tún wọlé, tó bá pè wọ́n wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, bàálù tó ń bọ̀ ò tíì dé.

Ohun tí ará ìta ò mọ̀ ni pé láísẹ́ńsì páílọ́ọ̀tì ò dà bíi sátífíkéètì yunifásítì téèyàn lè gbé kọ́ ògiri kó gbàgbé ẹ̀. Owó ló ń jẹ. Ọdọọdún ni dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ojú, etí, ọkàn, ẹ̀jẹ̀, ọdọọdún náà ló gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe lórí bí wọ́n ṣe ń wa bàálù nínú kùrukùru tí wọn ò rí ìta, èyí tó jẹ́ owó gidi. Tí 90 ọjọ́ bá kọjá tí kò tíì gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òfin ò gbà kó kó èrò.

Ó ní ìwé dúdú kan tí wọ́n ń pè ní lọ́gíbúùkù, ibẹ̀ ni páílọ́ọ̀tì ń kọ gbogbo wákàtí tó bá fò sí. Lálẹ́ tí mo bá lọ pè é wá jẹun, màá bá a níbi tó ti ṣí i sórí itan, ojú ewé kan náà, wákàtí 200 ó lé díẹ̀, Zaria, Zaria, Zaria, lẹ́yìn náà òfìfo. Á máa fi ìka tọ òfìfo yẹn lọ sísàlẹ̀. Tó bá ti gbúròó mi á pa á dé kíá. Ìyá wo ló lè máa wo ìyẹn fún ọdún méjì?

Mo gbọ́ àwíjàre wọn o. Dọ́là wọ́n, òkè òkun ni wọ́n ń gbé bàálù lọ fún àtúnṣe ńlá, tí bàálù méjì bá wà lọ́hùn-ún, páílọ́ọ̀tì tuntun kí ló máa wà? Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ bàálù United dá gbígba páílọ́ọ̀tì tuntun dúró fúngbà díẹ̀ torí Boeing tó ń ṣe bàálù ò kó èyí tí wọ́n rà dé lásìkò, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ fún àwọn páílọ́ọ̀tì wọn, wọ́n dárúkọ oṣù. Oṣù làwa náà ní kí wọ́n dárúkọ, a ò ní kí wọ́n lọ jí bàálù wá.

Nígbà tí wọ́n wá pè é, ọjọ́ Tọ́sìdeè ni, wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ṣe ẹ̀kọ́ Boeing 737 parí, wọ́n ní Èkó ni béèsì ẹ̀. Béèsì, fún ẹni tí kò bá mọ̀, ni ìlú tí iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ti ń parí, ibi tó wù kó máa gbé, ìyẹn ò kan iléeṣẹ́. Inú wa dùn, Èkó ò kúkú jìnnà. Ó lọ wá yàrá kan n'Íkẹjà, ó ti san owó ejẹ́ńtì, ni wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe káwọn gbé e lọ Àbújá lóṣù tó ń bọ̀. Owó ejẹ́ńtì lọ. Oṣù tó ń bọ̀ dé, wọn ò gbé e lọ, wọn ò sì ní kò ní lọ mọ́. Bó ṣe di pé Abẹ́òkúta ló ti ń lọ síṣẹ́ nìyẹn, ó ti lé lọ́dún kan, torí ta ló máa san rẹ́ǹtì ọdún méjì síbi tí kò mọ̀ bóyá òun máa sùn lóṣù mẹ́ta.

Òun àtàwọn mẹ́rin míì dáwó gba yàrá kan ní Máfolúkù nítòsí pápákọ̀ Èkó, mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, ẹni tó bá tètè dé ló ń sùn. Alẹ́ tí yàrá bá ti kún, ilé ló ti ń lọ. Fláìtì aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wà n'Íkẹjà kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, rélùwéè tó ń kọjá ní Laderin kì í ṣiṣẹ́ lóru, nítorí náà aago kan òru ni álámù ń dún. Mo máa ń jí kó tó dún. Ìrọ̀lẹ́ ló ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn torí iná, tó ní ilà mẹ́ta léjìká, àá fi láílọ́ọ̀nù bò ó, àá gbé e kọ́ sẹ́yìn mọ́tò kó má bàa rún. Màá di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, màá gbàdúrà fún un lẹ́nu géètì, màá wá jókòó ní pálọ̀ láìtan iná títí á fi pè pé Mọ́mì, mo ti kọjá Ìtòrí, Mọ́mì, mo ti kọjá Ṣángo. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, tírélà sìmẹ́ńtì, kòtò, àwọn ọmọ tó ń dènà lóru. Kò pé 100 kìlómítà, wákàtí mẹ́ta ni nígbà míì, kí tírélà má ṣubú o.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Gbogbo àsìkò tó fi ń bá tírélà jà yẹn, lórí ìwé, ó ń sinmi ni! Láti ìgbà tó bá parí iṣẹ́ dìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ òmíì ni wọ́n ń ka ìsinmi, ìrìn láti ilé dé béèsì ò sí níbẹ̀, ìyẹn wàhálà ara ẹ ni. Wákàtí mẹ́wàá ìsinmi lè wà lórí rósítà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń to àsìkò iṣẹ́ wọn sí, kó jẹ́ pé mẹ́ta péré lọmọ mi fi sùn.

Òun ló sọ ìtàn bàálù iléeṣẹ́ Colgan fún mi, tó já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà lóṣù kejì ọdún 2009, èèyàn 50 ló kú, ẹnì kan nínú wọn wà nínú ilé ara ẹ̀ tí bàálù fi já lù ú. Newark, ìlú kan nítòsí New York, ni béèsì àwọn páílọ́ọ̀tì méjèèjì. Igbákejì káputéènì, ọmọbìnrin ọdún 24, nítòsí Seattle ló ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀, ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè yẹn pátápátá, bàálù ẹlẹ́rù ló wọ̀ lóru kó lè débi iṣẹ́. Káputéènì ń gbé ní Florida, yàrá òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ ló sùn sí. Àwọn tó wádìí ẹ̀ ní àṣìṣe káputéènì ló fà á, wọn ò dì í ru àárẹ̀ nìkan, àmọ́ wọ́n ní ó jọ pé àárẹ̀ ti wà lára àwọn méjèèjì. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ilé òbí ẹ̀ lọmọ yẹn ti dìde lọ, mi ò lè ta àdìrẹ kankan lọ́jọ́ náà. Ìyá ẹ̀ ni mo ń rò. Wọ́n tún òfin ìsinmi ṣe lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, síbẹ̀ ìrìn ilé ò wọ inú ẹ̀.

Ẹ̀yin iléeṣẹ́ bàálù àtẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso wọn, tí ẹ bá fún ọmọ ní lẹ́tà iṣẹ́, ẹ kọ oṣù àti ìlú sí i. Tí oṣù yẹn bá kọjá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa san owó dókítà àti ti láísẹ́ńsì ẹ̀ títí ẹ máa fi pè é, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó dúró. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ béèsì, ẹ sọ fún un ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kó lè gbalé. Kẹ́ ẹ sì bá wa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi mélòó kan sítòsí pápákọ̀ fáwọn tí fláìtì kùtù bá já lé lórí, kò tó owó epo bàálù ọjọ́ kan, àwa tí à ń wọ bàálù náà ló máa ṣe láǹfààní.

Méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ gba lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà ṣì wà nílé dòní. Ọ̀kan ń fi ọkọ̀ bàbá ẹ̀ kérò ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé, ìwé dókítà ẹ̀ máa kú lóṣù tó ń bọ̀, ó ní Mọ́mì, ẹ bá mi bi bùrọ̀dá bóyá wọ́n ti ń dárúkọ oṣù, kí n lè mọ̀ bóyá kí n san owó yìí àbí kí n fi tún mọ́tò ṣe. Mo bu omi fún un mu, mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà ní iléeṣẹ́ yẹn tó ka lẹ́tà yìí, kó dá a lóhùn kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá páílọ́ọ̀tì kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.