Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi: Ilẹ̀kùn Màámi dà?

Bọ̀dá mi,

Wọ́n gbé fọ́tò yín sórí WhatsApp ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, pé ó ti pé ọdún kan tẹ́ ẹ ti papò dà. Agbádá tẹ́ ẹ wọ̀ níbi ìgbéyàwó mi ló wà lọ́rùn yín. Mi ò tíì wò ó tán tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ń fun fèrè mọ́tò níta. Cades Cove là ń lọ, ní Tennessee níbí.

Àfonífojì ni, òkè Great Smoky yí i ká. Ilé onígi kan wà níbẹ̀, ti John Oliver àti Lucretia ìyàwó ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1822. Ìtì igi ni wọ́n gbẹ́, wọ́n gé e létí kí ọ̀kan lè há mọ́ èkejì níbi igun, wọ́n wá fi ẹrẹ̀ dí àlàfo àárín. Bọ̀dá mi, ẹrẹ̀! Mo fi ìka kàn án. Ó ti sán, bí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàámi ṣe máa ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn aláìníṣẹ́ sì ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sára igi náà káàkiri.

Nígbà tí tọkọtaya yìí dé ní 1818, ebi ì bá pa wọ́n lásìkò òtútù. Elégédé gbígbẹ táwọn Cherokee, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, fún wọn ni wọ́n jẹ tí wọn ò fi kú. Nígbà tó di 1838, ìjọba fi sọ́jà kó àwọn Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ẹni tó fún àlejò lóúnjẹ!

Ti ṣọ́ọ̀ṣì Primitive Baptist ibẹ̀ ni ì bá pa yín lẹ́rìn-ín. 1827 ni wọ́n dá ìjọ náà sílẹ̀, 1887 ni wọ́n kọ́ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí. Ní 1839 ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ míṣọ́n àti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n lé àwọn tó fara mọ́ ọn jáde, àwọn yẹn lọ dá Missionary Baptist tiwọn sílẹ̀. Ká ní gbogbo Baptist Amẹ́ríkà ló ṣe bíi ti àwọn tó léni yẹn ni, ta ni ì bá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ ò bá má jẹ díákónì rárá, ká sinmi ariwo.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó jáde. Ọmọ-ọmọ-ọmọ Oliver kan bá wọn ṣẹjọ́ títí, síbẹ̀ ó kó jáde ní 1937. Wọ́n wá wó ọ̀pọ̀ ilé ìgbàlódé, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n lé èèyàn, wọ́n tọ́jú ilé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní ilé alámọ̀ Bàámi ń dójú tì yín láàárín ẹgbẹ́. Katapílà dé láàárọ̀, kò di ọ̀sán tó fi parí. Màámi ò jà. Ilẹ̀kùn yàrá wọn nìkan ni wọ́n tọrọ, ìrókò tí Bàámi fọwọ́ ara wọn gbẹ́, tí ibi tá a ti ń tì í ti dán. Ẹ ní ẹ ti gbé e sọ́dọ̀ káfíńtà. Títí Màámi fi lọ, “Ilẹ̀kùn mi dà?” ni. Ẹ ó ní ó wà. Níbo? Mo bi yín nígbà tí àìsàn yín dé, ẹ ní ká sọ ti owó oògùn ná. Mo fi owó oògùn ránṣẹ́.

Nínú ilé Oliver, ọmọ mi ọkùnrin bi mí bóyá a ní irú ẹ̀ nílé. Mo ní a ní in rí. Ó ní kí n fi fọ́tò ẹ̀ han òun.

Búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ tò síbẹ̀ ò tíì ní òrùlé. Àwọn ọmọ yín ń pè mí pé kí n fowó páànù ránṣẹ́ kí òjò tó dé. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, orúnkún ń dá mi lóró, onílé sì ti tún fi kún owó ilé. Mo ní kí àkọ́bí yín lọ bá mi béèrè ilẹ̀kùn lọ́wọ́ káfíńtà yẹn. Ó ní òun ò mọ ilẹ̀kùn kankan, pé èló ni mo lè fi sílẹ̀ nínú owó páànù.

Mi ò tíì dárúkọ iye kankan.

Àbúrò yín.