Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí ẹ̀rọ tó bọ́ mọ́ Kalpana Chawla lọ́wọ́

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ohùn ẹkún rẹ lálẹ́ Ọjọ́rú ò tíì kúrò létí mi. Ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọ̀gá jágbe mọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn, o wá ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀. Ọmọ mi, fìdí kalẹ̀ ná, kí n sọ̀rọ̀ Kalpana Chawla fún ọ, obìnrin ẹnjiníà tó di arìnrìn-àjò gbalasa òfurufú.

Karnal ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí. Ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Chandigarh, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Colorado ní 1988. November 1997 ló bá Columbia, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, gòkè, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Íńdíà tó dé gbalasa òfurufú.

Òun ló ń darí apá ẹ̀rọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Spartan síta, sátẹ́láìtì tí wọ́n fẹ́ fi wo oòrùn. Spartan ò ṣiṣẹ́. Bó ṣe fẹ́ fi apá ẹ̀rọ gbá a mú padà, ó bọ́, ó wá ń pòòyì. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Winston Scott àti Takao Doi tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ wọ aṣọ gbalasa òfurufú wọn, wọ́n jáde, wọ́n dúró títí, títí nǹkan ràgàjì yẹn fi yí dé ìtòsí, ni wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn gbá a mú.

Àwọn èèyàn nàka sí Kalpana. Ìwádìí NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sí gbalasa òfurufú, ló wá fi hàn pé àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà àti nínú ìlànà tí àwọn tòkè àti àwọn tilẹ̀ jọ ń tẹ̀ lé. Kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sì tún yàn án. January 2003 ló padà gòkè.

Mi ò ní fi ìyókù pamọ́ fún ọ. Fóòmù tó já lára táǹkì epo ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbéra ti lu ìyẹ́ apá òsì Columbia. Lọ́jọ́ kìíní February, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ náà fọ́ lójú ọ̀run, àwọn méjèèje tó wà nínú rẹ̀ sì kú, Kalpana náà wà lára wọn. Ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ ọdún márùn-ún tó fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Spartan, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mú bírò kí ilẹ̀ Ajé tó mọ́. Kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ohun tí o kọ́kọ́ tẹ̀, ohun tí o gbọ́, aago mélòó. Èyí tí ọwọ́ rẹ ṣe, má bò ó. Èyí tí kì í ṣe tìrẹ, má bá wọn gbé e. Kí ọ̀gá dáadáa kó o tó fi lé wọn lọ́wọ́.

Tó o bá ti jáde lọ́dọ̀ wọn, pè mí. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ.