Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Aṣọ Òwúrọ̀ Kò Fi Ní Máa Jáde Nírọ̀lẹ́ Mọ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan nínú yín. Ẹ kò sọ ọ́ sí mi lójú, ṣùgbọ́n ó ń dé etí mi. Wọ́n ní alágbàfọ̀ yìí ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá, ó gba aṣọ lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó yọ, ó tún ní kí a máa mú háńgà wá látilé. Ẹnìkan tilẹ̀ bi ọmọ iṣẹ́ mi bóyá gbèsè ló wọ̀ mí lọ́rùn. Kì í ṣe gbèsè. Ẹ dákun, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fọṣọ jẹun. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà lórí tábìlì wọn. Mi ò jó aṣọ ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì sọ ti ẹnikẹ́ni nù. Ẹni tó bá mọ̀ pé mo ṣe é rí, kó wá. Nítorí náà, ẹ má rò pé iṣẹ́ ló sú wa. Epo ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ epo yìí, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróò kan kò tó 200 náírà. Lítà 10 ni jẹnẹrétọ̀ wa ń mu lójúmọ́ nítorí aṣọ kíákíá, ìyẹn kò tó 2,000 náírà. Kí oṣù yẹn tó parí, lítà kan ti ń sún mọ́ 500 láwọn ibì kan, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 10,000 lójúmọ́, kí n tó ra ọṣẹ, kí n tó ra sítáàṣì, kí n tó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lówó oúnjẹ. Ṣé mo wá sọ owó ṣẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po márùn-ún? Mi ò jẹ́ dán an wò. Owó tó ń ti ọwọ́ yín wọlé, inú táǹkì jẹnẹrétọ̀ ló ń gbà jáde, èmi kàn ń gbé e láti ibì kan dé ibì kejì ni.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Mo jí ní aago márùn-ún ìdájí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò sílé epo, òjò sì pa mí lórí ìlà. Nígbà tí mo fi máa padà dé, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò jí. Léèsì ìyá kan tó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì wà lórí tábìlì, apá ọ̀tún ti lọ̀ kedere, apá òsì ṣì rún wómúwómú bí ìwé tí ọmọdé fún pọ̀. Ìyá náà dé ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Mo kúnlẹ̀, mo dá owó wọn padà, wọn kò gbà á. Wọ́n kàn wo aṣọ náà, wọ́n ká a, wọ́n lọ. Mo ti búra fún ara mi láti ọjọ́ yẹn pé mi ò tún ní ṣe ìlérí tó wà lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló wá fi nǹkan mìíràn hàn mí. Ó yí ìwé rìsíìtì mi dojú délẹ̀, ó ń fi bírò ṣírò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní lítà bẹntiróò kan tó bá jó, èéfín káábọ́ọ̀nù tó ń tú dà sójú ọ̀run wọ̀n tó kìlógíráàmù 2.3. Mo ní irọ́ ni, torí lítà epo kan fúnra rẹ̀ kò wọ̀n tó kìlógíráàmù kan. Ó ní, “Bàbá mi, tí ẹ bá da èlùbọ́ sómi gbígbóná, ṣé bí èlùbọ́ ṣe wọ̀n náà ni àmàlà ṣe máa wọ̀n?” Bí epo ṣe ń jó, káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń fa ọ́síjìn mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí èlùbọ́ ṣe ń mu omi. Lítà 10 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 26 lóṣù: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 600. Àpò sìmẹ́ǹtì 12 nìyẹn, láti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, lóṣù kan ṣoṣo. Kì í sì í pòórá kíá, ńṣe ló ń dúró lókè bíi kúbùsù, tó ń dá ooru ilẹ̀ padà lé wa lórí. Mi ò sọ pé ṣọ́ọ̀bù mi ló fa ooru oṣù Kẹta tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀. Àmọ́ mo ti wá mọ iye àpò tí èmi ti ń dá sí i tẹ́lẹ̀, ojú sì ń tì mí.

Àwọn àgbà kan ti gbà mí níyànjú pé kí n padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú bíi ti bàbá mi. Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é. Òkè-Ògùn ni púpọ̀ nínú eédú tí à ń rà nígboro ti ń wá. Igi àyìn ni wọ́n ń gé lulẹ̀, àní títí kan igi òrí tí àwọn ìyá wa ń jẹun lára rẹ̀. Igi tó lé ní kìlógíráàmù 5 ló ń lọ kí eédú kìlógíráàmù kan tó jáde lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn tí igi bá tán, kí la fẹ́ fi lọṣọ?

Ohun tí a ń ṣe báyìí kò gba àlàyé púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò nílẹ̀, mo ti tà á. Sólà ló ń gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ àti gílóòbù, omi tútù la sì fi ń fọ̀. Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù, torí áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ń fa iná ju fáànù 10 lọ. Iná ìjọba la fi ń lọṣọ, òru ló sì sábà máa ń dé ládùúgbò wa, ìdí nìyẹn tó fi ń di ọjọ́ mẹ́ta. Owó kò lé.

Ti ọ̀rá tí a kì í fi dì aṣọ mọ́, tó jẹ́ kí a máa bèèrè háńgà lọ́wọ́ yín, ara epo rọ̀bì ni ọ̀rá ti ń wá, ẹ̀yìn wákàtí kan ló sì ń di ìdọ̀tí. Mo rí i tó dí ojú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tòun ti nọ́ńbà tí mo fi bírò kọ sí i lára. Ẹni tó bá gbọ́njú bá omíyalé odò Ògùnpa nílùú Ìbàdàn wa yìí lọ́dún 1980, tàbí tó rí ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kó bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè gbà mí lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ara mi ni mò ń lé lọ báyìí. Kì í ṣe gbogbo aṣọ tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló yẹ kó wá sọ́dọ̀ mi. Aṣọ òkè tí ẹ fi ṣe ìgbéyàwó, ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà, kó gbẹ òógùn, kí ẹ tó ká a. Fífọ̀ léraléra ló ń pa á. Àdìrẹ aláró, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sábẹ́ òjìji. Aṣọ funfun nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ gbé síta gbangba, torí oòrùn ń bá yín fọ̀ ọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó sá ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ sì na ọrùn rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù ti parí nìyẹn. Ẹ má ṣe máa tan áyọ́ọ̀nù lárààárọ̀ nítorí aṣọ kan ṣoṣo. Ẹ kó ti ọ̀sẹ̀ pọ̀. Ẹ fi àwọn tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń gbóná bọ̀, ẹ wá bọ́ sórí aṣọ òwú àti ànkárá nígbà tó bá gbóná tán, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ fi ooru tó kù lọ ìborùn àti áńkáṣíìfù. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.

Ìyàwó mi ní kí n fi ti ilé ìdáná kún un: kí ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ẹ dé ìkòkò, gáàsì á pẹ́ kó tó tán. Tí gílóòbù 60 wọ́ọ̀tì bá sì ṣì wà nílé yín, gílóòbù LED tí a fi rọ́pò rẹ̀ níbí kò ju wọ́ọ̀tì 9 lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn sì dọ́gba.

Ẹni tó bá ní òde lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ̀wọ́, kí aṣọ rẹ̀ dé ọwọ́ wa kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú. Aṣọ tó ti wà lọ́wọ́ wa ṣáájú ọ̀sẹ̀ yìí máa jáde bí a ṣe ṣàdéhùn rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé èmi fúnra mi ni máa ṣọ́ iná lóru. Háńgà tó ti pọ̀ jù nílé yín, ẹ kó o wá, a máa yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san fún wa.

Èmi ni, alágbàfọ̀ yín ní Òkè-Àdó.