Kí a tó tún jà lórí iye orí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn bá ti délẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, ìjà owó ni. Ní 2006, Èkó ní àwọn lé ní mílíọ̀nù 17, ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù 9 ni, ó sì fi Kánò síwájú Èkó. Láti ìgbà náà, a kò tíì ka ènìyàn mọ́. Ó burú. Àmọ́ ìwádìí tó ṣe wá lóore ju ìkànìyàn yìí lọ wà nílẹ̀, ẹ kì í sì í mẹ́nu bà á.

Ní 1975, onímọ̀ méjì, I. O. Orubuloye àti John Caldwell, ará Ọsirélíà, gbé ìwádìí jáde lórí ìlú Èkìtì méjì tí wọ́n jọra wọn: Ìdó àti Isinbode. Ìdó ní ilé ìwòsàn àti dókítà, Isinbode kò ní. Àwọn ọmọdé Isinbode ń kú ju ti Ìdó lọ gidigidi. Ní 1979, Caldwell tún fi ohun tí àwọn obìnrin Ìbàdàn sọ ní 1973 hàn pé ọmọ ìyá tó kàwé kì í tètè kú bíi ti ìyá tí kò kàwé, kódà bí iṣẹ́ bàbá wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Káàkiri àgbáyé ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí i.

Ta ló fún wọn ní ìmọ̀ yìí? Àwọn ìyá wa ni. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, síbẹ̀ irú ìwádìí báyìí kò lè ṣe kó má béèrè pé ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kù. Ẹ ro ohun tí ìyá tó ti sin mẹ́ta máa kọ́kọ́ gbé mì kó tó dáhùn. Ìdáhùn wọn wá di ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọn kò lè rí rà, ká má tíì sọ pé wọ́n á kà á. Èmi ò rò pé ó tọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú ìwádìí yìí, ní Yorùbá tó já gaara. Ìdó ti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ báyìí. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí Isinbode, kó béèrè ibi tí aboyún ń gbà lọ bí ìrọbí bá mú un lóru, àti iye tí ọlọ́kadà ń gbà.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì